Ta Ló Ní Orúkọ Tiwa Nìkan Ló Nítumọ̀? Ọ̀rọ̀ lórí Diotisalvi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Òwe yìí ló yẹ kí a pa fún àwọn kan láàárín wa tí wọn kò lè yin orúkọ Yorùbá láì kọ́kọ́ bu ẹnu àtẹ́ lu orúkọ àwọn ẹ̀yà mìíràn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ níbi ìkómọjáde, bí wọ́n bá ń kọ̀wé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á ní orúkọ Yorùbá nítumọ̀, orúkọ òyìnbó kò nítumọ̀. Wọ́n á ní Yorùbá a máa wo ilé kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n òyìnbó kàn ń fi orúkọ sàmì sí ọmọ rẹ̀ ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sàmì sí ẹran ọ̀sìn lára. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, àwùjọ á pàtẹ́wọ́.

A kò jiyàn ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ Yorùbá nítumọ̀, iṣẹ́ wa sì ni láti máa kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ìdajì kejì ni a ń bá jà. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń ṣe wá ní ìjàm̀bá, nítorí pé ẹni tó bá gbà pé ìṣúra kan kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí, kò ní í ronú láti béèrè bí ìṣúra náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti ní in rí. Orúkọ ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Ítálì ni a ó fi ṣe ẹ̀rí. Orúkọ náà ṣọ̀wọ́n púpọ̀ lónìí. Inú ìwé ìtàn àti ara ilé àtijọ́ ni a ti ń rí i ju ara ọmọ tuntun lọ. Diotisalvi ni orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a tú u wò bí a ti ń tú orúkọ tiwa. Gbólóhùn odidi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Dio ni Ọlọ́run, òun sì ni olùwà. Ti ni arọ́pò-orúkọ ẹnì kejì ẹyọ, tí ó jẹ́ àbọ̀. Salvi wá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe salvare, tí ó túmọ̀ sí 'gbà là'. Ìrísí tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà gbé wọ̀ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń tọrọ, tí wọ́n fi ń gbàdúrà ni. Nítorí náà, ìtumọ̀ orúkọ náà ni 'Kí Ọlọ́run gbà ọ́ là'. Nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, a tún máa ń rí i bí Deotisalvi tàbí Dietisalvi, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n.

Ohun kan wà nínú gírámà orúkọ yìí tó yẹ kí ọmọ Yorùbá ronú lé lórí. Nínú ọ̀pọ̀ orúkọ àbísọ tiwa, òbí ló ń sọ̀rọ̀, òbí náà sì ni ọ̀rọ̀ kàn. Òbí ni 'mi' tó wà nínú Olúwagbèmí. Òbí ni 'mí' tó wà nínú Rẹ̀mílẹ́kún. Nínú Diotisalvi, ọmọ gan-an ni a dojú ọ̀rọ̀ kọ. Ẹnikẹ́ni tó bá pe ọmọ náà ti ṣàdúrà fún un. Ìyá tó ń pè é wá jẹun ṣàdúrà fún un. Ẹni tó jẹ lówó, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pè é kí ó jáde wá san gbèsè, òun náà ṣàdúrà fún un, ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀. Ǹjẹ́ èyí ni a ń pè ní àmì ara ẹran ọ̀sìn?

Àwọn tó jẹ́ orúkọ yìí kì í ṣe ẹni àròsọ. Ní ìlú Pisa, nítòsí ilé gogoro tó dagun tí gbogbo ayé mọ̀, ilé ìrìbọmi ńlá kan wà tó rí róbótó. Ọdún 1152 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Ọdún 1153 ni wọ́n gbẹ́ sí inú ilé náà, nítorí pé àwọn ará Pisa ìgbà náà kì í bá àwọn ìlú yòókù bẹ̀rẹ̀ ọdún. Oṣù Kẹta ni ọdún tiwọn ti ń yí. Lára òpó kan nínú ilé náà, wọ́n gbẹ́ orúkọ ọ̀gá tó ṣe iṣẹ́ náà síbẹ̀: Deotisalvi. Orúkọ rẹ̀ tún wà lára ilé agogo ìjọ San Sepolcro ní ìlú kan náà. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ, tí wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ níwájú ìjọ, ọkùnrin tí orúkọ tirẹ̀ jẹ́ àdúrà ló kọ́ ọ.

Ní ìlú Siena, ní ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, ayàwòrán kan wà tó ń jẹ́ Dietisalvi di Speme. Ó wà lára àwọn tó ń ya àwòrán sí ara pákó tí wọ́n fi ń ṣe èèpo ìwé ìṣirò owó ìlú, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Biccherna. Speme ni orúkọ baba rẹ̀. Ìtumọ̀ speme sì ni ìrètí. Bí a bá fẹ́ pe ọkùnrin yìí ní èdè tiwa, 'Kí-Ọlọ́run-gbà-ọ́-là ọmọ Ìrètí' ni à bá máa pè é. Baba tó ń jẹ́ Ìrètí ló wo ọmọ rẹ̀ lójú tó gbàdúrà lé e lórí. Kí ni ó kù nínú wíwo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ tí ẹni yìí kò ṣe?

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni Dietisalvi Neroni, ìjòyè pàtàkì ní ìlú Florence. Ọdún 1401 ni wọ́n bí i. Ó bá Cosimo de' Medici ṣe títí Cosimo fi kú ní ọdún 1464. Lẹ́yìn náà ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó dìtẹ̀ sí Piero ọmọ Cosimo. Ọ̀tẹ̀ náà kùnà ní ọdún 1466, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Ẹ̀yìn odi ló kú sí ní ọdún 1482. Ère orí rẹ̀ tí Mino da Fiesole fi òkúta mábù gbẹ́ ní ọdún 1464 wà ní Louvre ní Paris. Láàárín kọ́lékọ́lé Pisa àti ìjòyè Florence yìí, ọ̀ọ́dúnrún ọdún ti kọjá. Orúkọ tó lò tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ènìyàn kì í ṣe àṣìṣe akọ̀wé tàbí àwàdà baba kan ṣoṣo.

Diotisalvi kò sì dá wà. Agbo orúkọ ńlá kan ló ti wá. Diotaiuti ń bẹ níbẹ̀, 'Kí Ọlọ́run ràn ọ́ lọ́wọ́'. Bonaccorso ń bẹ níbẹ̀, 'ìrànlọ́wọ́ rere'. Bonagiunta ni 'àfikún rere', orúkọ tí akéwì Lucca kan jẹ́, tí Dante fi sínú ìwé rẹ̀. Bentivoglio ni 'mo fẹ́ ire fún ọ'. Bencivenni ni orúkọ tí ilé fi ń sọ fún ọmọ pé dáadáa ni ó bá àwọn dé. Benincasa ni 'ire nínú ilé'. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní í rántí Irewọlé? Ní ọdún 1260, Florence kó ogun jọ láti bá Siena jà. Wọ́n ṣẹ́gun Florence ní Montaperti ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án, àwọn ará Siena sì kó ìwé ètò ogun náà lọ bí ìkógun. Ìwé náà wà títí dòní, Libro di Montaperti ni wọ́n ń pè é. Olof Brattö, onímọ̀ ará Sweden, fi odidi ìwé kan ṣàyẹ̀wò àwọn orúkọ inú rẹ̀ ní ọdún 1953. Irú àwọn orúkọ tí a ń kà sílẹ̀ yìí pọ̀ níbẹ̀. Ìwé ogun ni, nítorí náà kì í ṣe orúkọ àwọn ọlọ́lá nìkan ló wà níbẹ̀; orúkọ àwọn tó ru ọfà, tó ru oúnjẹ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Wọ́n á tún máa sọ fún wa pé Yorùbá nìkan ló ń fi orúkọ sọ ìtàn ìbí ọmọ. Ẹ wo Restoro. Ohun tí a fi dípò ohun tó sọnù, ohun tí ó mú àdánù kúrò lọ́kàn, ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ikú mú òmíràn lọ ni wọ́n ń sọ lórúkọ náà. Restoro ará Arezzo, tó fi èdè ìlú rẹ̀ kọ ìwé lórí bí ayé àti ojú ọ̀run ṣe rí ní ọdún 1282, ọ̀kan nínú irú wọn ni ní ti orúkọ. Ẹ tún wo Benvenuto Cellini, alágbẹ̀dẹ wúrà Florence tí wọ́n bí ní ọdún 1500. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn ìbí rẹ̀ nínú ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀. Obìnrin ni àwọn òbí rẹ̀ ń retí. Nígbà tí wọ́n gbé ọkùnrin lé baba lọ́wọ́, inú baba dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní kí ọmọ náà káàbọ̀. Káàbọ̀ yẹn ni Benvenuto. Bí irú ìtàn yìí bá ti ẹnu ìyá àgbà kan jáde ní Ìjẹ̀ṣà tàbí ní Ẹ̀gbá, a ó kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹ̀rí pé orúkọ wa ní ìjìnlẹ̀.

Ẹnì kan lè takò wá pé ọ̀rọ̀ ìjọ ni gbogbo èyí, pé Ìjọ Àgùdà ló fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Òdì kejì ló jẹ́ òtítọ́, bí a ó ti rí i láìpẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, kí ẹni náà kọ́kọ́ mọ̀ pé orúkọ onígbólóhùn ti wà nínú èdè Látìn ṣáájú àwọn ará Pisa, Áfíríkà gan-an ló sì ti gbilẹ̀ jù lọ. Ní Carthage, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Túnísíà lónìí, bíṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń jẹ́ Quodvultdeus, 'Ohun tí Ọlọ́run fẹ́'. Nígbà tí àwọn Vandal gba ìlú náà ní ọdún 439, wọ́n lé e jáde, ó gúnlẹ̀ sí Naples ní Ítálì, ibẹ̀ ló sì kú sí. Lẹ́yìn rẹ̀, Deogratias jẹ bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, 'Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run'. Augustine tí gbogbo Kirisẹ́ńdọ̀mù mọ̀, ọmọ Áfíríkà ni. Adeodatus, 'ẹni tí Ọlọ́run fúnni', ni ó sọ ọmọ rẹ̀. Kí ìgbàgbọ́ tó dé ibẹ̀ rárá ni àwọn ará Carthage ti ń fi orúkọ òrìṣà wọn, Báálì, sínú orúkọ ọmọ. Hannibal, ọ̀gágun tó kó erin gba orí òkè Alps kọjá ní ọdún 218 ṣáájú ìbí Jésù, ojúrere Báálì ni orúkọ rẹ̀ ń sọ. A kò sọ pé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ará Pisa ti kọ́ ọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ó ti pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń fi orúkọ ọmọ bá Ọlọ́run tàbí òrìṣà sọ̀rọ̀, a kò sì gba ìwé-àṣẹ pé tiwa nìkan ni.

Ó kan ìbéèrè tí àwọn tó ń yin ara wọn kì í béèrè. Bí àwọn ará Ítálì bá ti ní irú orúkọ báyìí, níbo ni wọ́n gbé e lọ? Ta ló gbà á lọ́wọ́ wọn?

Kò sẹ́ni tó gbà á. Ajẹ́gàba kankan kò wá láti òkèèrè láti fi orúkọ mìíràn dípò rẹ̀. Èdè wọn kò kú. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì lónìí lè túmọ̀ Diotisalvi láì yẹ ìwé wò. Àwọn òbí fúnra wọn ló fi í sílẹ̀, ọmọ kan lẹ́yìn òmíràn. Ìjọ sọ Francesco ará Assisi di ẹni mímọ́ ní ọdún 1228, ó sọ Antonio ti Padova di ẹni mímọ́ ní ọdún 1232, ó sọ Domenico di ẹni mímọ́ ní ọdún 1234. Láàárín ọdún mẹ́fà péré, ẹni mímọ́ mẹ́ta tí àwọn òbí alààyè ti fojú rí, tàbí tí wọ́n ti gbọ́ ìwàásù wọn, ti gba orí pẹpẹ. Àwọn ọmọlẹ́yìn wọn ń wàásù ní gbogbo ìlú. Òbí tó bá fi orúkọ ẹni mímọ́ sọ ọmọ rẹ̀ ti fi ọmọ náà sí abẹ́ aláàbò kan lọ́run, ọmọ náà sì ti ní ọjọ́ àjọ̀dún tirẹ̀. Ta ni kò ní í fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀?

Bí a bá fẹ́ rí ìyípadà yìí nínú ilé kan ṣoṣo, kí a wo ilé Dante. Ìgékúrú Durante ni Dante, 'ẹni tó ń forí tì í', orúkọ àdúrà ni. Baba ńlá rẹ̀ tó jagun ń jẹ́ Cacciaguida, orúkọ tí a lè gbọ́ ọdẹ àti afinimọ̀nà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Dante ńkọ́? Pietro, Jacopo, Antonia. Gbogbo wọn ti di ọmọ àpọ́sítélì àti ẹni mímọ́. Kí a tún wo ilé Caterina ti Siena, tí wọ́n bí ní ọdún 1347, tí òun náà padà di ẹni mímọ́. Caterina lórúkọ rẹ̀, Jacopo lórúkọ baba rẹ̀. Benincasa, orúkọ tó ń sọ pé ire wà nínú ilé, ti di orúkọ ìdílé tí wọ́n kàn ń gbé tẹ̀ lé e ni. Nígbà tí Florence ka àwọn ènìyàn rẹ̀ fún owó orí ní ọdún 1427, nǹkan bí 60,000 ìdílé, Giovanni àti Antonio, Piero àti Francesco ló gba ojú ìwé náà kan. Ó ku ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún kí Ìjọ tó fi í sínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ọdún 1566 pé orúkọ ẹni mímọ́ ló yẹ ọmọ. Kí òfin tó dé ni ìfẹ́ inú òbí ti parí iṣẹ́.

Orúkọ tí a kò sọ ọmọ mọ́ kì í kú lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìyókù àwọn orúkọ yìí gbà lọ. Àwọn kan di orúkọ ìdílé, bíi Benincasa àti Bentivoglio. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ ń buwọ́ lùwé pẹ̀lú rẹ̀, kò gbọ́ ohun tó ń wí mọ́. Àwọn kan di ìgékúrú. Cimabue, ayàwòrán ńlá ìlú Florence, Cenni ni orúkọ rẹ̀ gan-an, Cenni sì jẹ́ ìgékúrú Bencivenni. Láti ara Cenni ni a ti rí Cennino, láti ara rẹ̀ ni a sì ti rí Cennini. Ní gbogbo ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìtumọ̀ ń jó rẹ̀yìn, títí tí kò fi ku nǹkan kan bí kò ṣe ìró. Ẹ̀kẹta ló dunni jù. Nígbà tí àwọn ìlú Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé fún ọmọ tí ìyá gbé sílẹ̀, irú èyí tí Florence ṣí ní ọdún 1445, àwọn alábòójútó ní láti wá orúkọ fún ọmọ tí wọn kò mọ ilé tí wọn ìbá wò. Diotallevi, 'Kí Ọlọ́run tọ́ ọ dàgbà', wà lára orúkọ tí wọ́n ń fún wọn. Umberto Eco fi orúkọ yìí àti ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn tó rọ̀ mọ́ ọn sínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ti ọdún 1988, Il pendolo di Foucault. Àdúrà tí ilé ọlọ́lá ń gbà lé ọmọ wọn lórí nígbà kan ló wá di àpẹẹrẹ ọmọ tí kò ní ilé.

Wàyí o, kí ni wọ́n fi Diotisalvi ṣe pàṣípààrọ̀? Giovanni wá láti inú èdè Hébérù, 'Olúwa ṣàánú' ni. Matteo ni 'ẹ̀bùn Olúwa'. Giuseppe ni 'kí Ó fi kún un', èyí tí kò jìnnà sí Bonagiunta. Orúkọ Jésù gan-an, bí ìwé Mátíù ti ṣàlàyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbàlà ni. Ohun tí Diotisalvi ń tọrọ ni orúkọ Jésù ń sọ. Gbólóhùn ni wọ́n gbé sílẹ̀, gbólóhùn náà ni wọ́n gbé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́ èyí tí wọ́n gbé sílẹ̀, wọn kò gbọ́ èyí tí wọ́n gbé.

Kí a má ṣe àbòsí: orúkọ ẹni mímọ́ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Francesco, bí a bá tú u, 'ará Faransé' lásán ni. Giovanni ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni mímọ́ náà níbi ìrìbọmi, baba rẹ̀ tó ń ṣòwò dé Faransé ló yí i padà. Síbẹ̀, òbí tó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Francesco kò ronú kan Faransé. Ènìyàn kan tó kọ ọrọ̀ sílẹ̀, tó sì gbé pẹ̀lú àwọn adẹ́tẹ̀, ni ó ń rò. Ìtumọ̀ ni èyí náà jẹ́. Àwọn ará Florence tún ní àṣà pé bí ẹnì kan nínú ẹbí bá kú, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn rẹ̀. Christiane Klapisch-Zuber, òpìtàn ará Faransé, fi hàn pé 'títún-un-ṣe' ni wọ́n ń pe èyí, bí ẹni pé wọ́n tún òkú náà ṣe. Ìyẹn kò jìnnà sí ohun tí a ń rò bí a bá ní Babátúndé. Nítorí náà, ẹni tó bá ní orúkọ òyìnbó kò nítumọ̀ ti ṣẹ́ irú ìtumọ̀ méjèèjì: ti gbólóhùn tó wà nínú orúkọ, àti ti ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ.

Kí wá ni ti wa nínú ọ̀rọ̀ yìí? Òun ni pé ìtumọ̀ kì í dá ara rẹ̀ pa mọ́. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, Diotisalvi ì bá ṣì pọ̀ lóde Pisa lónìí, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ hàn gbangba. Ohun tó ń pa orúkọ mọ́ ni òbí tó ń sọ ọmọ ní orúkọ náà. Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ nítorí pé orúkọ wa nítumọ̀, tó sì padà sílé lọ sọ ọmọ rẹ̀ ní John nítorí pé ó gbà pé John mọ́ ju Olúwaṣàánú lọ, ń tún ohun tí Florence ṣe ṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ni John àti Olúwaṣàánú ń sọ. A kò bá a jà nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. A kàn ń béèrè ohun tó mú kí àánú Ọlọ́run di mímọ́ sí i nígbà tí a bá fi èdè tí ọmọ kò gbọ́ pè é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìgékúrú. Ọmọ kan ń jẹ́ Dámi níwájú olùkọ́, ó ń jẹ́ Dámi nílé, ó ń jẹ́ Dámi lórí ìwé. Bí a bá bi í bóyá Dámilọ́lá ni tàbí Dámiláre, á ní òun yóò béèrè lọ́wọ́ ìyá òun. Tolú wà tí kò mọ̀ bóyá Tolúlọpẹ́ ni òun tàbí Tolúwaníṣẹ́. Bencivenni di Cenni báyìí náà ni, kò sì sí ẹni tó ta àwọn òbí rẹ̀ lólobó pé nǹkan ń sọnù.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn tó ń di gbohùngbohùn mú níbi ìkómọjáde pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ìyangàn yìí, kí wọ́n sì fi àkókò rẹ̀ ṣe ohun mẹ́ta. Kí wọ́n pe orúkọ ọmọ ní kíkún. Kí wọ́n tú u fún àwùjọ, kí wọ́n sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tó bí orúkọ náà, kí àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà gbọ́, kí wọ́n lè sọ fún un nígbà tó bá dàgbà. Kí wọ́n rí i pé a kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, nínú ìwé ìbí. Kí àwa olùkọ́ náà sì yọ ọ̀rọ̀ 'orúkọ òyìnbó kò nítumọ̀' kúrò nínú ohun tí a ń kọ́ ọmọ, kí a fi Diotisalvi àti Restoro sí ipò rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn ti ní irú èyí rí, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fi í sílẹ̀, yóò mọ̀ pé tirẹ̀ náà lè lọ.